Amirí Tí Emil Hudak Kò Gbà

Igba ó lé mọ́kànlá ni àwọn amirí tó wà nílé Emil Hudak. Amirí ni mo ń pe àwọn ọmọláńgidi agbábọ́ọ̀lù olórí ńlá tí ẹgbẹ́ bẹ́sìbọ́ọ̀lù wa ní Marlow máa ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹgbẹ̀rún méjì èrò tó bá kọ́kọ́ wọ pápá. Fi ìka kàn wọ́n báyìí, orí wọn á máa mì. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ irin pa mọ́ Emil lórí, kò pàdánù ẹyọ kan. Lorraine, ìyàwó rẹ̀, ló máa ń nù wọ́n ní gbogbo Sátidé, tí á sì máa bú wọn bó ṣe ń nù wọ́n lọ: "Ìwọ yìí, o ò gbá nǹkan kan lánàá, o wá ń mi orí."

Ẹ̀yìn Emil àti Lorraine ni mo jókòó sí ní pápá fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Mo mọ̀ wọ́n bí ẹni mowó.

Lóṣù Kẹjọ ọdún tó kọjá, ọmọ kan tó ń jẹ́ Tavares ló ń ju bọ́ọ̀lù fún wa. Títí di abala keje nínú mẹ́sàn-án, kò sí alátakò kan tó gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ kó sì rí àyè sá dé ibùdó àkọ́kọ́. Ó lè tó ogún ọdún kí irú ẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ níwájú èèyàn, èèwọ̀ rẹ̀ sì le: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dìde. Ẹni tó bá la ẹnu, òun ló bà á jẹ́. Gbogbo pápá pa lọ́lọ́. Tavares ṣe é parí, a fò sókè, bíà dà sí wa lára. Lorraine nìkan ni kò dìde. Dókítà ní ó tó wákàtí kan tí ọkàn rẹ̀ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Níbi ìsìnkú, gbogbo èèyàn ló ń sọ fún Emil pé ikú ìrọ̀rùn ni, pé obìnrin náà rí ohun tó dára jù kó tó lọ. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Ojú ń tì mí báyìí.

Ọdún yìí, ẹgbẹ́ wa kò sunwọ̀n rárá. Nínú eré méjìlá, a ti pàdánù mọ́kànlá. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wa báyìí, ìyá mi àgbà á gbá tiẹ̀. Apá Tavares ti bàjẹ́, wọ́n ti ní kó máa lọ sílé. Síbẹ̀, wọ́n ṣe amirí rẹ̀ jáde, wọ́n kọ déètì ọjọ́ eré yẹn, ọjọ́ tí Lorraine kú, sí i lẹ́sẹ̀.

Emil ní òun ò lọ. Denise, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló rọ̀ ọ́ títí, ó ní Mọ́mì ò ní fẹ́ kí àlàfo wà lórí pẹpẹ tí wọ́n ń to àwọn amirí sí nílé. Aago mẹ́wàá àárọ̀ la ti tò sínú oòrùn. Níwájú wa ni àwọn aláìnítìjú tó máa ń gba amirí tán, tí wọ́n á ti tà á kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kàn wá, obìnrin ẹnu ọ̀nà na páálí tí amirí Tavares wà nínú rẹ̀ sí Emil. Emil ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò.

Denise fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó bi í pé kí ló dé.

"Mọ́mì rẹ fọwọ́ kàn mí lápá ní abala keje lọ́jọ́ yẹn," Emil ní. "Ó ní, 'Emil, mo...' Mo rò pé ó fẹ́ dárúkọ ohun tí Tavares ń ṣe ni. Mo ní kó panu mọ́. Kò sì sọ nǹkan kan mọ́."

Mo rí ọwọ́ náà lọ́jọ́ yẹn. Èmi náà bínú sí i pé ó ń mira.

Denise kò sunkún. Ó di páálí tirẹ̀ mú ṣinṣin.

"Dádì, ó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí mi," ó ní. "Ó ní àyà ń dun òun, ẹ sì ní kóun dákẹ́, pé ṣé kóun dìde. Mo ń gbọ́ eré náà lórí rédíò. Mo ní kó rọ́jú, pé abala méjì péré ló kù."

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ eré nínú pápá. Kò sí ẹnì kankan nínú àwa mẹ́ta tó wọlé.