Pẹ́dà Tí Kò Bàjẹ́

Òórùn sódà yíyọ́, òjé tí a fi ń so wáyà mọ́ra, ni mo fi ń mọ ṣọ́ọ̀bù mi kí n tó ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Yàrá kan ni, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Òkè-Ìlèwó, láàárín ọ́fíìsì lọ́yà kan àti ibi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò pélébé. Bí oòrùn bá ti mú páànù dáadáa, òórùn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lára tábìlì: sódà, eruku, ike tí iná rà, àti bẹntiróòlù láti ara jẹnẹrétọ̀ tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gìtá, kíbọ́ọ̀dù, sípíkà, gbogbo ohun tó ń fọhùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn èèyàn máa ń gbé wá fún mi tún ṣe. Ìwọ náà ṣáà mọ Abẹ́òkúta. Ìjọ tó wà níbẹ̀ kò lóǹkà, nítorí náà iṣẹ́ kì í dá lọ́wọ́ mi. Àmọ́ títí di òní, bí òórùn yẹn bá pàdé òtútù ọyẹ́, ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ló máa ń mú wá síwájú mi, ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gun àtẹ̀gùn wá pẹ̀lú ẹfun ṣọ́ọ̀kì lápá ẹ̀wù wọn, tí wọ́n gbé pẹ́dà wọn lé tábìlì, tí wọ́n sì ní, "Àbúrò mi, bá mi wo nǹkan yìí. Kò dá mi lóhùn mọ́."

Bọ̀dá mi ni mò ń pè wọ́n. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Tíṣà físíìsì ni wọ́n, àwọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi irin sódà lé mi lọ́wọ́ ní ilé bàbá wa ní Ṣàpọ́n, nígbà tí àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ mi ń kọ́ irun dídì. "Má sọ pé nǹkan bàjẹ́ títí wàá fi rí ojú ibi tó ti bàjẹ́," ni wọ́n máa ń wí. Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ló ń ta gìtá ní ìjọ Áńgílíkà wa, wọn kì í sì í ta á bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí tí ìka wọn kì í sinmi. Ohùn kan ni wọ́n máa ń ta, wọ́n á fi í sílẹ̀, pẹ́dà á tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀marùn-ún, kó tó wọlẹ̀. Inú àlàfo yẹn ni wọ́n á ti fi ohùn kejì bọ̀ ọ́. Mo ti rí ìyá àgbà kan tó ń nu ojú nítorí rẹ̀, láàárín orin tí gbogbo wa ti kọ láti kékeré, tí kò sì sí ẹni tó kú.

Àpótí irin kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni pẹ́dà tí mò ń wí yìí, tí olórin máa ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Ẹ́kò ni àwa tí a ń ṣiṣẹ́ yìí ń pè é. Oríṣi méjì ló wà. Èyí tó jẹ́ ànálọ́ọ̀gù máa ń gba ohùn gìtá bí ìgbà tí èèyàn tò láti odò dé ilé, tí kálukú ń gba garawa omi lọ́wọ́ ẹnìkejì; kí omi tó délé, díẹ̀ á ti dà nù. Nítorí náà bí ohùn náà ṣe ń padà wá ló ń ṣókùnkùn sí i, tó sì ń rọ̀. Èyí tó jẹ́ díjítà máa ń sọ ohùn di nọ́ńbà, á kó o pamọ́, á sì dá a padà bó ṣe gbà á, gaara bí omi inú gíláàsì. Ó pẹ́ tí èmi àti bọ̀dá mi ti ń jiyàn lórí rẹ̀. Díjítà ni èmi fara mọ́, nítorí kì í hùn, kì í sì í ṣàìsàn. Àwọn á rẹ́rìn-ín. "Díjítà ń dáhùn bí akẹ́kọ̀ọ́ tó há ìwé sórí," wọ́n á ní. "Ànálọ́ọ̀gù yìí máa ń ro ọ̀rọ̀ mi kó tó fèsì." Ànálọ́ọ̀gù kan náà ni wọ́n ti ń lò kí n tó lọ́kọ, àwọ̀ ara rẹ̀ sì ti họ tán níbi tí bàtà wọn ti máa ń bà á.

Mo gbà á lọ́wọ́ wọn, mo sì ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo pààrọ̀ bátìrì. Mo pààrọ̀ wáyà méjèèjì. Mo yẹ ádápítọ̀ wò, nítorí ọ̀pọ̀ ló máa ń ki èyí tí kò bá a mu bọ̀ ọ́, tí pẹ́dà á máa hùn bí oyin. Mo tú ìdí rẹ̀, mo fi mítà wọn iná tó ń wọ inú rẹ̀ láti ibì kan dé ibòmíì. Kò sí ibi tó gé, kò sí ibi tó jó. Ni mo bá so ó mọ́ gìtá àti sípíkà, mo ta okùn tó tín-ín-rín jù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó dáhùn lẹ́ẹ̀marùn-ún. Mo gbọ́ márààrún.

"Ẹ gbọ́ ọ?" mo bi wọ́n.

"Gbọ́ kí ni? Èyí tí o ta ni mo gbọ́. Àbí ìwọ ò rí i pé kò dáhùn ni?"

Mo ní, "Mo fẹ́ tún un ta. Ẹ bá mi ka iye ìgbà tó bá padà." Mo tún un ta. Wọ́n tẹ orí síwájú, wọ́n yí etí ọ̀tún sí sípíkà. Mi ò rí i kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ rí. "Ọ̀kan," wọ́n ní. Ẹ̀kejì, ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, ẹ̀karùn-ún ń kọjá lọ nínú yàrá náà, láàárín èmi àti wọn, wọ́n sì ń wò mí pé kí n sọ̀rọ̀.

Gbogbo rẹ̀ wá tò síwájú mi lójú ẹsẹ̀ yẹn: gbogbo ìgbà tí mo pè wọ́n lórí fóònù tí wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, gbogbo ìgbà tí mo kí wọn láti ẹ̀yìn tí wọn ò dáhùn, tí mo rò pé ìrònú iṣẹ́ ni. Mo mọ ojú ibi tí nǹkan ti bàjẹ́. Mo ṣíjú wò wọ́n, wọ́n jókòó lórí àpótí onígi yẹn bí oníbàárà tó ní ìgbẹ́kẹ̀lé, ọwọ́ lórí eékún. Ẹnu mi ló sọ ọ́, mi ò mọ ibi tó ti rí i. "Bọ̀dá mi, ẹ̀rọ náà ni. Ó ti gbó. Ohun tó kú nínú rẹ̀, wọn ò ṣe é mọ́."

Wọ́n fọwọ́ nu orí pẹ́dà náà. Mo yára gbé díjítà kan kúrò lórí pákó, mo yí bọ́tìnì rẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè mú ṣáṣá, mo sì so ó mọ́ gìtá. Bí wọ́n ṣe ta á tó dáhùn, ojú wọn là. "Háà! Ó ń sọ̀rọ̀!" Wọ́n ta á títí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín sí mi. "Akẹ́kọ̀ọ́ tó há ìwé sórí náà ṣáà máa ń yege." Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyàwó wọn wá bá mi. Ìdílẹ̀kẹ̀ ló ń pè mí, orúkọ tó sọ mí lọ́jọ́ tó wọ ilé wa. Kò jókòó. "Ìdílẹ̀kẹ̀, ẹ̀yin náà ti mọ̀, àbí?" Ó ní tẹlifíṣàn ilé àwọn ti ń pariwo dé ilé kejì, pé bí èèyàn bá kanlẹ̀kùn, òun nìkan ló máa ń gbọ́. Ó ní àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí wọ́n máa ń dáhùn ìbéèrè tí ẹnì kankan ò bi wọ́n. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn. Ọ̀rọ̀ gìtá yìí nìkan ló kù tó ń mú inú wọn dùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbádùn rẹ̀." Ó yẹ kí n sọ pé kí a jọ padà lọ bá wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé irọ́ máa ń fúyẹ́ bí ẹni méjì bá jọ rù ú. Mo ní mo gbọ́.

Báyìí ni ọyẹ́ lọ, Lẹ́ńtì lọ, òjò wá. Ọjọ́ Sátidé mìíràn wọ́n á yà sọ́dọ̀ mi pé kí n bá àwọn fi kún ohùn pẹ́dà náà díẹ̀, èmi á sì fi kún un. Mi ò bi wọ́n léèrè ìdí. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹwàá, bọ́tìnì náà ti dé ibi tí kò lè lọ mọ́.

Ọjọ́ ìkórè ni àṣírí náà tú. Orin ọpẹ́ la wà, ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ẹnu ọ̀nà. Ohùn tó ń padà látinú pẹ́dà ti ga tó ohùn gìtá fúnra rẹ̀, kò sì bá ìlù mu mọ́. Ó ń gba iwájú, ó ń gba ẹ̀yìn. Àwọn akọrin ṣìnà, wọ́n dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń tẹ dùùrù gbé ọwọ́ kúrò. Ó wá ku gìtá bọ̀dá mi nìkan, àwọn tí wọ́n dijú, tí wọ́n ń bá ẹsẹ orin náà lọ. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá akọrin sọ̀rọ̀ sí wọn létí òsì lẹ́ẹ̀mejì. Wọn ò gbọ́. Ni ó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa wáyà yọ. Bí wọ́n ṣe lajú, gbogbo ìjọ ló ń wò wọ́n. Èmi náà wà níbẹ̀, ní ìjókòó kẹrin. Orí mi ni mo tẹ̀ balẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé díjítà náà wá. "Ṣé èyí náà ti gbó ni?" wọ́n bi mí, kò sí ẹ̀gàn kankan nínú rẹ̀. Wọ́n so ó fúnra wọn, wọ́n ta okùn kan, wọ́n sì fọwọ́ bo okùn náà kó lè dákẹ́. Iná pupa kékeré kan wà lórí pẹ́dà náà tó máa ń ṣẹ́jú bí ohùn bá ṣe ń padà. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn. Wọ́n tún ta á. Wọ́n tún wò ó. Tíṣà físíìsì ni wọ́n. Mo rí i bí wọ́n ṣe ń dé ibẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

"Àbúrò mi, ṣé ó ń dún báyìí?"

"Ó ń dún, bọ̀dá mi."

Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò lórí okùn náà. "Èyí àkọ́kọ́ ńkọ́? Ó bàjẹ́ bí?"

Mi ò lè gbójú sókè. "Kò bàjẹ́."

Wọ́n tú wáyà, wọ́n ká a dáadáa bí wọ́n ṣe máa ń ká a, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí àtẹ̀gùn títí dé ìsàlẹ̀.

Èmi àti ìyàwó wọn la jọ tẹ̀ lé wọn lọ sí ọsibítù. Dókítà obìnrin kan tí kò tíì dàgbà púpọ̀ fi nǹkan bo etí wọn nínú yàrá kékeré onígíláàsì, ó ní kí wọ́n máa na ọwọ́ sókè nígbàkigbà tí wọ́n bá gbọ́ ohùn. Mo dúró ní ẹ̀yìn gíláàsì náà, mò ń wo ọwọ́ yẹn lórí eékún wọn, mò ń gbàdúrà kó gbéra. Ó pẹ́ kó tó gbéra. Dókítà ní iṣan inú etí ni, òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, ọ̀tún ń tẹ̀ lé e. Ìyàwó wọn bi í bóyá ì bá yàtọ̀ ká ní a wá nígbà ọyẹ́. "Bóyá," dókítà ní. "Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ló dáa jù kí a ti rí i." Bọ̀dá mi gba ẹ̀rọ etí. Ó ń jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n wọ́n ní bí gìtá bá dún nínú rẹ̀, bí agolo ló ń rí. Gìtá náà wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Wọn ò bá mi jà. Bí a bá pàdé, wọ́n á bèèrè àwọn ọmọ mi, wọ́n á bèèrè ọjà. Ìyẹn gan-an ló ń pa mí. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé Àjíǹde, mo lọ bá wọn nílé. Wọ́n ń tu koríko ìdí ata lẹ́yìnkùlé. Mo kúnlẹ̀ sínú ilẹ̀ ata náà, lápá ọ̀tún, kí wọ́n lè gbọ́. Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ foríjì mí. Ká ní mo ti sọ fún yín nígbà yẹn ni."

"Dìde, ilẹ̀ tutù," wọ́n ní. Wọ́n tu koríko méjì, mẹ́ta. "Etí yẹn lè ti máa lọ kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ìyẹn kọ́ ló dùn mí. Gbogbo yín mọ nǹkan kan nípa mi fún oṣù mẹ́sàn-án, èmi nìkan ni mi ò mọ̀ ọ́n. Ká ní mo mọ̀ pé ó ń lọ ni, ǹ bá ti jókòó tì í. Ǹ bá ti gbọ́ èyí tó kù ní àgbọ́tẹ́rùn."

Mo bá wọn tu koríko náà dé ìparí ilẹ̀ ata náà.

Ó ti pé ọdún mélòó kan báyìí. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, a ti jọ ń jẹun, a ti jọ ń rẹ́rìn-ín, wọn ò sì tún mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà. Àánú ni mo pe ohun tí mo ṣe nígbà náà. Mo ti wá rí i pé ẹ̀rù ni, ẹ̀rù bí ojú wọn yóò ṣe rí bí mo bá sọ òótọ́. Nítorí kí n má bàa rí ojú yẹn ní ìṣẹ́jú kan, mo gba oṣù mẹ́sàn-án lọ́wọ́ ẹni tí mo fẹ́ràn jù láyé. Wọn ì bá ti fi í gbọ́ òjò lórí páànù, wọn ì bá ti fi gbọ́ àbígbẹ̀yìn wọn tó ń kọ́ ìwé kíkà sókè. Wọn ì bá ti dágbére. Ẹni tí nǹkan ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni bíbọ́ náà pẹ̀lú. Kò sí ìfẹ́ tó fún wa láṣẹ láti fi í pamọ́ fún un.