Mẹ́fà Lókè, Mẹ́ta Nísàlẹ̀

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí Bàbá Gbòǹgbò kan ilẹ̀kùn ilé mọ́kàndínlógójì. Ìyá kan rí olùkọ́ ìṣirò lẹ́nu ọ̀nà, omi ń ro tó-tó-tó lára ẹ̀, ó bá káwọ́ lérí, ó ní ta ló kú.

"Ẹ fara balẹ̀, ìyá. Ìdá ni mo kọ sódì lónìí. Ẹ sọ fọ́mọ yín: mẹ́fà lókè, mẹ́ta nísàlẹ̀. Mi ò fẹ́ kó fi àṣìṣe sùn."

Ìyá náà ní òun ì bá da omi lé e lórí, àfi bí òjò ti bá òun ṣe é.

Bàbá yìí kì í rí àmì gbòǹgbò (√) lójú pátákó kó fi í sílẹ̀. Òrùlé ló ń pè é. Á ní kí wọ́n ṣí òrùlé kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, á sì nù ún nù. Gbòǹgbò kẹta x tó gbé agbára mẹ́fà? Mẹ́fà inú ilé á bọ́ sókè, mẹ́ta ẹnu ọ̀nà á lọ sísàlẹ̀, wọ́n á di ìdá: mẹ́fà lórí mẹ́ta, ìyẹn méjì. X alágbára méjì, ó tán. Ìdúró ló fi ń jẹun, ara ilẹ̀kùn ilé ìdáná ló ti ń ṣe ìṣirò. Ìyàwó ẹ̀ nu ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀kan péré, bàbá sì tẹ̀ lé e kiri títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ní ibo lòun bá a dé.

Ojú máa ń ti ọmọ ẹ̀ obìnrin nítorí ọjọ́ òjò yẹn. Bàbá kú tán, òun ni wọ́n ń dán wò bí olùkọ́ ní kíláàsì ẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, jókòó lẹ́yìn kíláàsì, ó ń kọ nǹkan sínú ìwé. Lọ́la ló máa sọ bóyá ọmọ náà á jogún pátákó bàbá ẹ̀ tàbí kó máa lọ.

Ibi tó ti ń fọ abọ́ nírọ̀lẹ́ ló ti rántí. Mẹ́ta ló kọ sókè lójú pátákó láàárọ̀, mẹ́fà ló kọ sísàlẹ̀, x wá gbé ìdajì dípò méjì. Àbúrò ìyá ẹ̀ ní kó panu mọ́, ṣé ó fẹ́ fọwọ́ ara ẹ̀ ba iṣẹ́ ara ẹ̀ jẹ́ ni. Ọmọ náà jókòó. Ó dìde. Ó tún jókòó. Ó yà á lẹ́nu pé ẹsẹ̀ bàbá òun ló wà nídìí òun. Ó wọ bàtà, ó jáde.

Ó kan ilẹ̀kùn ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọwọ́ fi ń ta á. Ilé ọ̀gá ló fi parí.

Ọ̀gá ṣílẹ̀kùn kó tó kàn án lẹ́ẹ̀kejì. "Mo ti rí àṣìṣe náà láti àárọ̀," ló wí. "Mò ń wò ó bóyá wàá wá ni. Kíláàsì ti di tìẹ."

Ohùn arúgbó kan ti yàrá wá. "Ta ló tún kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Màámi," ni ọ̀gá dáhùn, ó sì rẹ́rìn-ín. "Bàbá Gbòǹgbò ló tún wá kan ilẹ̀kùn wa."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí, ìgbà tó yá ló mọ̀ pé òun ti ń sunkún.