Káàdì Wákàtí Mẹ́ta

Irun ọmọ mi ni mo ń dì lọ́wọ́, nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí a háyà ní Lanham, l'Amẹ́ríkà, nígbà tí fóònù dún. Àbúrò mi ọkùnrin ni, láti Ìbàdàn. Kò kí mi dáadáa. Ó ní, "Àǹtí mi, ṣé ẹ jókòó? Ta ló wà lọ́dọ̀ yín?" Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá bi ọ́ ní irú ìbéèrè yẹn ti sọ̀rọ̀ tán. Síbẹ̀, mo ń dìrun lọ, bí ẹni pé bí mi ò bá dáwọ́ dúró, kò ní lè sọ ọ́. Ó ní, "Màmá ti sùn."

Mi ò lè lọ sin ín. Ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde, lọ́yà sì ti kìlọ̀ pé bí mo bá kúrò ní Amẹ́ríkà, mo lè má rí ọ̀nà wọlé mọ́. Èmi sì ni àkọ́bí, èmi ni wọn yóò kọ́kọ́ pè kí n bu yẹ̀pẹ̀ sí sàréè, kí n sì dágbére. Àbúrò mi ní òun yóò bu yẹ̀pẹ̀ náà fún mi, òun yóò sì gbé fóònù sétí sàréè kí n wí tẹnu mi.

Káàdì oníwákàtí la fi ń pe ilé nígbà náà; bí wákàtí orí rẹ̀ bá ti tán, láìnì á já. Bí láìnì bá wọlé, ẹ ò gbọdọ̀ jù ú sílẹ̀, torí ó lè má wọlé mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn ni màá ti wà lórí rẹ̀. Ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì yóò gba wákàtí kan àbọ̀. Láti ibẹ̀ dé sàréè títí tí gbogbo rẹ̀ yóò fi parí, wákàtí kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Èmi tí mo jáde sẹ́kọ́ńdìrì, tí mo máa ń pariwo mọ́ ọmọ mi nítorí iṣẹ́ àmúrelé, mo mú bírò àti bébà. Kan àti kan, méjì. Mo kọ àbọ̀ sílẹ̀ ní ìdá kan nínú méjì. Mo ro tòkè mọ́ tòkè, ó di mẹ́rin. Mo ro tìsàlẹ̀ mọ́ tìsàlẹ̀, ó di mẹ́fà. Wákàtí méjì àti ìdá mẹ́rin nínú mẹ́fà. Káàdì wákàtí mẹ́ta ti tó mi, yóò tún ṣẹ́kù! Ọkùnrin tó ń tà á nílé epo bi mí bóyá ẹyọ kan ṣoṣo ni. Mo ní ó tó.

Lọ́jọ́ náà, mo wọ dúdú, mo jókòó sí kíṣìnì. Mo gbọ́ orin, mo gbọ́ ìwàásù, mo gbọ́ ẹsẹ̀ èèyàn lórí òkúta wẹ́wẹ́. Pásítọ̀ ní kí àkọ́bí bọ́ síwájú. Àbúrò mi sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Àǹtí mi, ó ti kàn yín o."

Mo ní, "Màámi."

Fóònù kú.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọmọ mi ló bá mi rí ibi tí mo ti ṣìṣe. Ó yẹ bébà náà wò, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ jẹ́jẹ́ pé a kì í ro tìsàlẹ̀ pọ̀. Pé àbọ̀ jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́rin, méjì àti mẹ́ta jẹ́ márùn-ún, márùn-ún nínú mẹ́rin sì ti kọjá odindi kan. Wákàtí mẹ́ta àti ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìdá kan yẹn gan-an ni ìyá mi wà nínú rẹ̀.

Ìwé mi ti jáde báyìí, mo ti débi sàréè náà, mo sì sọ gbogbo ohun tó wà nínú mi. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì ni mo bá sọ ọ́.

Lọ́jọ́ tí fóònù kú yẹn, ọmọ mi bú sẹ́kún. Ó ní ká ní òun ti wò ó ṣáájú ni. Mo fà á mọ́ra. Mo ní, "Kì í ṣe ẹjọ́ rẹ. Ìyá mi mọ̀ pé olódo ni mí nínú ìṣirò, kò ní bínú. Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ tèmi, má pè mí lórí fóònù. Wá."

Ó bi mí pé, "Wá síbo, Mọ́mì?"

Mo ní, "Ibikíbi tí mo bá wà."