Ibùsùn Lamprini Nínú Kòtò

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ èébú gidi lẹ́nu Diamantis, ẹ ṣáà dárúkọ àwọn ará àtijọ́ létí rẹ̀. Ní abúlé rẹ̀ lẹ́yìn Kọ́ríńtì, àwọn tó ti kú kí wọ́n tó bí Jésù ní ilẹ̀ ju àwọn alààyè lọ. Ẹ gbẹ́ kànga, ẹ bá òpó tẹ́ńpìlì. Ẹ gbẹ́ ṣáláńgá, ẹ bá ojúbọ. Kí ẹ tó nu òógùn ojú, àwọn awalẹ̀pìtàn ìjọba ti fi okùn yí ilẹ̀ yín ká, àwọn àlejò sì ti ń ya fọ́tò níbẹ̀. Bí ọgbà àjàrà bàbá Diamantis ṣe lọ nìyẹn. Bàbá náà bínú kú, ọmọ kò sì rí ọgbà jogún, ìbínú ló jogún.

Òfin kan wá wà ní abúlé náà tí kò sí nínú ìwé: ẹni tó bá fi ọkọ́ kan òkúta tó ń dán, kó yáa da kọnkéré lé e lórí kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Diamantis gan-an ló máa ń fi òfin yìí kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ilé kọfí.

Nígbà tí ìgbéyàwó Lamprini, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń sún mọ́lé, Diamantis bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ìpìlẹ̀ yàrá méjì sẹ́yìnkùlé. Ládùúgbò yẹn, bàbá ìyàwó ló ń kọ́lé fún ọmọ. Bí kò bá kọ́ ọ, ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ ni ọmọ ń lọ, bàbá a sì máa gba ẹ̀yìnkùlé kọjá kí wọ́n má bàa rí i nílé kọfí. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ lójú Diamantis.

Kò tíì gbẹ́ jìnnà tí ọkọ́ fi ró gbàn-ìn. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan ló bá, tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ aláràbarà tò. Ère obìnrin kan dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀, kò nímú, ó gbé ọmọ mọ́yà. Diamantis wòtún, ó wòsì. Ó ti ń po sìmẹ́ǹtì nígbà tí Anthula, ìyàwó rẹ̀, gbé kọfí dé. Anthula wo inú kòtò, ó sì ṣàmì àgbélébùú.

"Bàbá Lamprini, Ìyá Olúwa lo fẹ́ da sìmẹ́ǹtì lé lórí?"

"Ìyá Olúwa wo? Ṣé o ò rí i pé ọmú rẹ̀ wà níta ni?"

"Ó ń fọ́mọ lọ́mú ni. Ṣé èmi bo tèmi nígbà tí mò ń fún Lamprini lọ́mú?"

Anthula gba ṣọ́bìrì, ó gbé ère náà nàró, ó tan fìtílà òróró sí i lẹ́sẹ̀. Ó búra pé àbúrò òun nìkan lòun máa sọ fún. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì máa fi ṣú, gbogbo obìnrin abúlé ti tò sẹ́yìnkùlé pẹ̀lú àbẹ́là àti ewé efinrin. Àlùfáà abúlé pàápàá yọjú. Ó mọ̀ dájú pé kì í ṣe Màríà, ṣùgbọ́n ó jẹ ọ̀pọ̀tọ́ tí wọ́n fi ṣe é lálejò, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dé etí ìjọba.

Ifigenia, ọ̀gá àwọn awalẹ̀pìtàn, dé tòun tokùn. Ó ní òrìṣà tó ń gbẹ̀bí aboyún láyé àtijọ́ ni, pé ilé rẹ̀ nìyí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ kọ́ ohunkóhun lé e lórí mọ́.

Diamantis ní, "Òun tó ti kú látọjọ́ yìí, ó rílé gbé. Ọmọ tèmi tó wà láàyè ńkọ́?"

Ifigenia kọjú síṣẹ́ rẹ̀. Ó so okùn rẹ̀.

Kí ìgbéyàwó tó wáyé, wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ́ ibùsùn ìyàwó nínú ilé tuntun, kí wọ́n da ìrẹsì àti owó sí i, kí wọ́n sì yí ọmọ ọwọ́ lórí rẹ̀ kí ìyàwó lè rọ́mọ bí. Ibùsùn wà, ilé kò sí. Ìyá ọkọ ti ránṣẹ́ pé kí wọ́n kúkú gbé e wá sọ́dọ̀ òun. Diamantis lọ sunkún sẹ́yìn ilé adìyẹ, Lamprini sì rí i. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó gbé matiráàsì rẹ̀ lérí, ó bẹ̀rẹ̀ wọ abẹ́ okùn ìjọba, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò.

"Bàbá mi, ilẹ̀ ilé ti wà. Òrùlé ló kù."

Wọ́n gbé ibùsùn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère, àwọn obìnrin dá orin. Orin kò tíì délẹ̀ tí Ifigenia fi yọ. Diamantis na ọwọ́ méjèèjì pé kó mú òun máa lọ. Ifigenia wo ẹsẹ̀ ibùsùn lórí òkúta àtijọ́, ó fajú ro. Ó ní kí wọ́n wá kúbùsù tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, nítorí pé ọmọ ilẹ̀ yẹn lòun náà, ẹnikẹ́ni kì í sì í bá ibùsùn ìyàwó pàdé kó lọ lọ́wọ́ òfo, ó bu ìrẹsì, ó dà á sórí ibùsùn.

Wọ́n yí ọmọ àbúrò Anthula lórí rẹ̀, ọmọ sì tọ̀ sí i. Ariwo ayọ̀ ta.

Nígbà tí èrò túká, Diamantis nìkan ló kù sínú kòtò. Ó rọ òróró sí fìtílà tó ti kú lẹ́sẹ̀ obìnrin aláìnímú náà, ó sì tàn án. Ó ní kó má rò pé òun ti dárí jì í o. Ọgbà àjàrà bàbá òun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.