Àga Ìdílé Pugh

Inú kan náà ló bí Eirlys Pugh àti Gethin, ṣùgbọ́n Eirlys ló tọ́ àbúrò rẹ̀ dàgbà, ó sì bà á jẹ́ díẹ̀. Kò sí ohun tí Gethin tọrọ tí kò rí gbà. Nígbà tó fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ fèrèsé sílẹ̀, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun wá jẹ́ olùdarí.

"Orúkọ lásán ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ò ní ṣe nǹkan kan."

Eirlys, tó ń dáná fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, tọwọ́ bọ̀wé bí ẹni ń ṣe ẹlẹ́rìí ìgbéyàwó. Lóòótọ́, kò ṣe nǹkan kan. Gethin ló ń lọ sí àwọn ìlú etíkun, tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn arúgbó fún fèrèsé tí wọn ò rí títí ilé-iṣẹ́ náà fi wó.

Ìjọba rán Ọ̀gbẹ́ni Farrant wá ṣèwádìí. Ó jókòó sí ilé ìdáná Eirlys, ó rọra ń mu tíì.

"Ta gan-an ló ń pàṣẹ níbẹ̀, mà?"

"Orúkọ ta lẹ rí nínú ìwé?"

"Tiyín ni. Àmọ́ bí ẹnì kan bá fara pamọ́ sẹ́yìn yín, òfin lè mú òun náà. Ẹ dárúkọ ẹ̀, ọ̀rọ̀ tiyín á fúyẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọdún méje lẹ ò ní lè darí ilé-iṣẹ́ kankan. Ẹ ò sì ní lè jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí gbọ̀ngàn ìlú yín mọ́."

Ilé-iṣẹ́ kò jẹ Eirlys lógún, gbọ̀ngàn ni. Àwọn awakùsà ló dá owó jọ kọ́ ọ, ìdílé kọ̀ọ̀kan tó dá a sílẹ̀ sì ní àga kan nínú ìgbìmọ̀. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ jókòó sí ti Pugh, òun ló sì tẹ̀ lé e. Kò ní ọkọ, kò ní ọmọ. Àga yẹn ni gbogbo iyì tó ní láyé.

Ó bu tíì kún ife àlejò rẹ̀. "Èmi ni. Èmi nìkan."

Farrant mí kanlẹ̀, ó sì kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Lọ́kàn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ nípọn ju omi lọ lóòótọ́, àmọ́ kò yẹ kó dí èèyàn lójú tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ pàdé lẹ́yìn tí ìjọba ti fòfin de Eirlys, ó wà nídìí tíì ní ẹ̀yìn inú gbọ̀ngàn. Ìyá Beynon, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀, ẹlẹ́nu bí abẹ, pariwo: "Ẹni tó ń rẹ́ arúgbó jẹ! Ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ owó tíì o!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gethin bá wọn rín in.

Alága wúkọ́. "Àṣà wa ò yí padà. Ẹ̀jẹ̀ Pugh ló ń jókòó sí àga Pugh. Gethin ló kù, ìjọba ò sì ká nǹkan kan mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ gbọ́wọ́ sókè."

Gbogbo wọn gbọ́wọ́ sókè. Gethin jókòó sí àga bàbá wọn, ó sì ń fi ọwọ́ ra ọwọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bu tíì wá. Kó gbóná o."

Eirlys bù ú. Wọn ò jẹ́ kó dìbò lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ kò sẹ́ni tó yan Gethin bí òun ṣe yàn án, níwájú Farrant, nínú ilé ìdáná ara rẹ̀, nígbà tó ní òun nìkan ni.