Ife Àgbo tí Mo Kúnlẹ̀ Gbé fún Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mi

Mo ti dárí ji ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ò sí nínú wọn, n ò sì ní purọ́ fún Ọlọ́run.

Ẹ̀dọ̀ bàbá mi ti le gbagidi kí wọ́n tó rí kókó kan lára rẹ̀. Ilé ìwòsàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ la gbé bàbá mi lọ láti Ọ̀yọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti gé kókó náà kúrò. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Dókítà ní èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń dí ojú ọgbẹ́ ló kéré lára rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tèmi bá tirẹ̀ mu, ni wọ́n bá fi ẹ̀rọ fa èròjà náà lára mi. Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú nínú ọ̀rá bí omi ògì. Nígbà tí wọ́n fà á sí i lára tán, ẹ̀jẹ̀ dá, ojú rẹ̀ tó ti pọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́. Dókítà ní ẹ̀dọ̀ náà ti ń kọ́fẹ padà, kí bàbá mi má ṣe fẹnu kan àgbo kankan.

Mo jáde lọ ra búrẹ́dì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń ta àgbo ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀, wọlé tòun ti ìgò àgbo lábẹ́ agbádá. Ó wúre, ó ní kó mu ún. Àbúrò kì í kọ ohun tí ẹ̀gbọ́n bá fi lọ̀ ọ́, bàbá mi bá gbé e mì. Lọ́jọ́ kejì, ikùn wú, ojú ọgbẹ́ tún ń ṣẹ̀jẹ̀. Mo tún lọ sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Inú ń bí mi gidigidi.

Bàbá mi sàn, a padà sí Ọ̀yọ́. Kò pẹ́ la gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi sípíkà kéde pé àgbo òun ló wo ẹ̀dọ̀ àbúrò òun sàn. Háà! Bàbá mi ní kí n fi sílẹ̀, àgbà ni. Èmi ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo wọ mọ́tò lọ sí Takie.

Èrò pọ̀ níwájú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí i dáadáa. Mo bu àgbo rẹ̀ sínú ife, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

“Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ẹ kọ́kọ́ mu díẹ̀, kí ọkàn àwọn èèyàn yìí lè balẹ̀.”

Ó wo ife, ó wo èrò.

“Mo gba ààwẹ̀,” ló wí. Ààbọ̀ àkàrà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Obìnrin kan dá ìgò tó ti mú padà sórí tábìlì. Òmíràn tẹ̀lé e. Orúnkún ń ro mí, ṣùgbọ́n n ò dìde títí ẹni ìkẹyìn fi lọ.