Monílọ́lá Lẹ́yìn Mọ́tò Ọ̀gá Rẹ̀

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pàdé Monílọ́lá Akínyẹmí, èrò ọkọ̀ rẹ̀ ni mo jẹ́. Àwa mẹ́rin là ń ti Oǹdó lọ síbi ìsìnkú kan ní Àkúrẹ́. Awakọ̀ tó yẹ kó gbé wa ni ibà dá dùbúlẹ̀, ló bá bẹ ọmọbìnrin kan ní ilé ìtúnkọ̀ṣe tó wà ládùúgbò rẹ̀ pé kó bá òun gbé wa dé ibẹ̀. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ kí wa, ó yẹ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, ó ní kí gbogbo wa de bẹ́líìtì, títí kan àwa tí a jókòó sẹ́yìn, ó sì gbéra. Kò sáré rárá. Bó bá rí kòtò lókèèrè, á ti dín eré kù. Bí bọ́ọ̀sì bá fẹ́ kọjá, á yà fún un. Nígbà tó yá, bàbá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Ọmọ mi, ṣé kò tíì pẹ́ tí o kọ́ mọ́tò ni? Wọn á ti sin òkú tán kí a tó dé."

"Ẹ má bínú, sà. A máa bá wọn níbẹ̀," ni ó fi dá a lóhùn, kò sì fi nǹkan kan kún eré rẹ̀.

A bá wọn níbẹ̀ lóòótọ́. Ìgbà tí a jókòó ti oúnjẹ ni ẹnì kan tó sọ fún wa pé eré ìje mọ́tò ni iṣẹ́ ọmọbìnrin náà, pé orílẹ̀-èdè òkèèrè ló ti ń sá a, pé ó kàn wá kí àwọn ènìyàn rẹ̀ ni. Bàbá yẹn ló kọ́kọ́ de bẹ́líìtì nígbà tí a ń padà sílé. Láti ìgbà náà ni mo ti ń béèrè nípa rẹ̀, lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀ àti lọ́wọ́ àwọn tó sún mọ́ ọn. Ohun tí mo rí gbọ́ nìyí.

Ìsìkàn ní Àkúrẹ́ ni wọ́n ti bí Monílọ́lá. Ọmọ Òkìtìpupa ni Títílayọ̀ ìyá rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tí iṣẹ́ gbé wá sí Àkúrẹ́. Bàbá rẹ̀ ti kú nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ló kà ní yunifásítì, ìyá rẹ̀ sì ti fi ọkàn sí i pé ọ́fíìsì ìjọba kan tó tutù ni ọmọ òun yóò jókòó sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ fi oṣù díẹ̀ kọ́ṣẹ́ níta, ilé ìtúnkọ̀ṣe Silas Kìtán ní ìlú Oǹdó ni Monílọ́lá rí. Ó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, ó padà lọ parí ìwé rẹ̀, ó gba ìwé ẹ̀rí, ó gbé e fún ìyá rẹ̀, ó sì tún wọ mọ́tò padà sí Oǹdó.

Silas Kìtán ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà. Mẹkáníìkì ni, awakọ̀ eré ìje sì ni pẹ̀lú. Irú eré tó ń sá ni èyí tí wọ́n ń sá lójú ọ̀nà eléruku láàárín oko: mọ́tò kan á gbéra, òmíràn á tẹ̀lé e lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, aago ni wọ́n á sì fi mọ ẹni tó yá jù. Àwọn ife-ẹ̀yẹ rẹ̀ wà lórí firíìjì nínú pálọ̀, Sherifat ìyàwó rẹ̀ sì ń kó ṣíbí sínú èyí tó tóbi jù níbẹ̀. Silas ló kọ́ Monílọ́lá ní mọ́tò wíwà bí awakọ̀ eré ìje ṣe ń wà á. Ọ̀nà Bọ́lọ́rundúró ni kíláàsì wọn, ọkọ̀ akẹ́rù Pijó àtijọ́ tí wọ́n kó àpò kòkó sí lẹ́yìn sì ni wọ́n ń lò.

"Bí àpò kan bá já bọ́, o ti sáré jù," Silas á wí. "Bí a bá dé tí ẹni tó fẹ́ wọn kòkó ti lọ sílé, o ti lọ́ra jù. Ó yá, Ìyá Yunifásítì, máa lọ."

Òfin kan wà ní ilé ìtúnkọ̀ṣe yìí tí ẹnikẹ́ni kò kọ sára ògiri. Ọmọ iṣẹ́ kì í wa mọ́tò kọjá lára ọ̀gá rẹ̀. Bí wọ́n bá jọ wà lójú ọ̀nà, tí ọmọ iṣẹ́ sì ń kánjú, á fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì, á sì dúró títí ọ̀gá á fi na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé. Bí ọwọ́ kò bá jáde, ẹ̀yìn ni yóò máa tọ̀. Rufus, ọmọ iṣẹ́ kan tó fẹ́ràn eré, kọjá lára Silas lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ láìfọn fèrè. Odindi oṣù kan ni kò fi fọwọ́ kan sitiárìn, epo dúdú ló ń fọ̀ lára irinṣẹ́. Ọjọ́ tí ọ̀gá bá ṣe fírídọ́ọ̀mù fún ọmọ iṣẹ́, tó gbàdúrà fún un tó sì tú u sílẹ̀ níṣojú àwọn ènìyàn rẹ̀, ni òfin yìí máa ń kásẹ̀ nílẹ̀.

Rufus ṣe fírídọ́ọ̀mù tirẹ̀, àwọn mìíràn náà ṣe é. Kò sí ẹni tó rántí pé kí wọ́n ṣe ti Monílọ́lá. Ìwé ló gbé e wá síbẹ̀, kì í ṣe pé ẹbí rẹ̀ mú un wá fi lélẹ̀ fún iṣẹ́, gbogbo wọn sì ń fojú àlejò wò ó.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sá eré ìje, ó sì ń ṣe dáadáa. Ẹ̀bùnolúwa, àkọ́bí Silas, ni amọ̀nà rẹ̀, èyí tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ pẹ̀lú àwòrán ọ̀nà lórí itan, tó ń pè fún un ibi tí ọ̀nà yóò ti kọ́ àti ibi tí gọ́tà wà. Wọ́n gba ipò kìíní nínú eré kéékèèké méjì. Ẹni tó ń ta táyà ní Oǹdó lẹ orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn mọ́tò wọn, ó sì ń fún wọn ní táyà.

Nígbà náà ni ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Adébùsóyè dé. Òun ni alákòóso ẹgbẹ́ awakọ̀ kan tó ń sá eré ìje káàkiri Ghana, Tógò àti Benin, ó sì ń wá awakọ̀ kan ṣoṣo láti ìpínlẹ̀ Oǹdó tí yóò máa gba owó oṣù. Ó ní eré méjì ni òun yóò fi wò wọ́n, èkíní ní ìgbèríko Ìpogun, èkejì ní Bọ́lọ́rundúró lóṣù kọkànlá. Monílọ́lá mọ̀ pé bí òun kò bá rí àyè yìí gbà, eré ọjọ́ Sátidé lásán ni eré òun yóò máa jẹ́, ọ́fíìsì ìyá òun sì ń dúró de òun. Silas náà forúkọ sílẹ̀. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé ó ti ń wù ú látìgbà èwe pé kí òun sá eré kan, ó kéré tán, ní ẹ̀yìn odi.

Ní Ìpogun, ìbò tí wọ́n ṣẹ́ fi Silas ṣíwájú, ó sì fi Monílọ́lá tẹ̀lé e. Wọn kò tíì sá a dé ìdajì tí Monílọ́lá fi rí eruku mọ́tò ọ̀gá rẹ̀ níwájú. Ó fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ kò jáde. Ó tún fọn ọ́n.

"Kọjá!" Ẹ̀bùnolúwa pariwo. "Pápá ilé ìwé ló kàn, ó fẹ̀ bíi kí ni, kọjá níbẹ̀!"

"Kò tíì nawọ́."

"Ọwọ́ wo? Bàbá mi ni, mo mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ, kò ní nawọ́ kankan! Mọ́ní, kọjá!"

Pápá náà dé, ó fẹ̀ lóòótọ́, Monílọ́lá sì tọ ẹ̀yìn ọ̀gá rẹ̀ gbà á kọjá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bá a dé òpin. Ipò kẹta ni ó gbà, Silas gba ipò kẹrin, ọkùnrin kan ará Ìkàrẹ́ ló sì gba ipò kìíní.

Silas bọ́ akoto rẹ̀, ó rìn wá sọ́dọ̀ wọn. "Kí ló ṣe mọ́tò yín?"

"Kò sí nǹkan tó ṣe é, Ọ̀gá."

"O wá ń tẹ̀ lé mi bí ẹni ń sin ìyàwó?"

"Mo fọn fèrè. Ẹ ò nawọ́, sà."

"Mo gbọ́ fèrè. Èmi náà ń sáré, Mọ́ní. Ta ní ń juwọ́ sí ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ bẹ́ẹ̀!" ni Ẹ̀bùnolúwa wí.

"Ìwọ dákẹ́, ìwọ tó jókòó sínú mọ́tò ọ̀tá."

Adébùsóyè dúró nítòsí, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó sọ fún Monílọ́lá ní pẹ̀lẹ́ pé òun rí i pé ó yára ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n òun kò lè mú awakọ̀ tó ń tọrọ àyè dé Ghana. Bí òun bá tún rí irú rẹ̀ ní Bọ́lọ́rundúró, ará Ìkàrẹ́ ni òun yóò mú.

Monílọ́lá rò ó títí. Ó lè pinnu pé òun yóò kàn kọjá, ṣùgbọ́n ó mọ ara rẹ̀; ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò tún gbéra kúrò lórí iná tó ń mú mọ́tò sáré bó bá rí ẹ̀yìn mọ́tò yẹn. Kò sì lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọ̀gá pé kó tú òun sílẹ̀. Àgbà ẹbí ẹni ló ń lọ sọ ọ́. Ó lọ bá ìyá rẹ̀ ní Àkúrẹ́.

"Fírídọ́ọ̀mù ti kí ni?" Títílayọ̀ bi í. "Ọmọ tó gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì ló fẹ́ lọ kúnlẹ̀ gba fírídọ́ọ̀mù ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì? Kí n wí kí ni níbi iṣẹ́?"

"Ẹ má wí nǹkan kan níbi iṣẹ́, Mọ́mì. Ẹ ṣáà bá mi lọ."

Títílayọ̀ kò fẹ́ràn eré ìje rárá, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa dá ọmọ rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ra páálí mọ́ọ̀tì méjì àti bisikíìtì, wọ́n sì lọ sí Oǹdó. Silas gbà wọ́n tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ ohun tí wọ́n bá wá, ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n.

"Mọ́mì, ẹ ò mú un wá fún mi láti kọ́ṣẹ́. N kò dè é. Báwo ni mo ṣe fẹ́ tú u?"

"Bí ẹ ò bá dè é, Bàbá Ẹ̀bùn, kí ló so ó mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò yín ní Ìpogun?"

Silas rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa. A ó ṣe é. Ẹ jẹ́ kí oṣù kọkànlá kọjá."

Gbogbo wọn ló mọ ìdí tó fi mú oṣù náà. Títílayọ̀ tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó fẹ̀yìn ti àga, kò sì dìde. Sherifat ló gbé omi wá, òun ló sì sọ̀rọ̀.

"Bàbá Ẹ̀bùn, Rufus tó jí epo yín tà, ẹ ṣe fírídọ́ọ̀mù fún un. Èyí tí kò jí nǹkan kan, ẹ fẹ́ fi í pamọ́ di ẹ̀yìn eré. Ẹ ò ṣe kúkú sọ pé ẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín?"

"Ẹ̀rù kẹ̀?"

"Ẹ̀rù ni."

Silas dìde, ó ní kí gbogbo wọn tẹ̀ lé òun lọ sí ilé ìtúnkọ̀ṣe. Ó pe àwọn ọmọ iṣẹ́ tó kù wá. Monílọ́lá kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì tí epo ti sọ di dúdú, ìyá rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ká aṣọ sókè díẹ̀ kí epo má bàa bà á jẹ́. Silas gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó gbàdúrà pé kí Ọlọ́run ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ àti táyà rẹ̀, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a dúró mọ́, ìbáà jẹ́ òun tó ń gbàdúrà náà. Wọ́n ṣe àmín. Ó wá fa ọmọ náà dìde.

"Ṣùgbọ́n n kò ní yà fún ọ o."

"Ẹ má yà, Ọ̀gá."

Títílayọ̀ wo aago rẹ̀, ó fi èdè Òkìtìpupa rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ó yá, ká lọ ulé."

Ní Bọ́lọ́rundúró, ẹni tó gba ipò ìsàlẹ̀ ní Ìpogun ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kó gbéra, nítorí náà Silas tún ṣíwájú Monílọ́lá. Òjò ti dáwọ́ dúró lágbègbè náà, eruku sì pọ̀. Monílọ́lá bá a ní àárín oko kòkó, níbi tí ọ̀nà ti há. Silas kò yà. Ó gba àárín ọ̀nà bí ẹni pé òun ló là á. Monílọ́lá fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò fi tọrọ àyè. Ó fi jẹ́ kó mọ̀ pé òun ń bọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ti máa ń yí padà láti kó kòkó, tí ilẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, ó gba apá òsì, gíláàsì ẹ̀gbẹ́ mọ́tò rẹ̀ gbá ti ọ̀gá rẹ̀, ó sì kọjá. Ẹ̀bùnolúwa gbàgbé láti pe kọ́nà tó kàn, ṣùgbọ́n Monílọ́lá mọ̀ ọ́n láti ìgbà àpò kòkó.

Ó gba ipò kìíní. Ará Ìkàrẹ́ gba èkejì. Silas dé, ó wo gíláàsì rẹ̀ tó fọ́, ó sì wọ ọkọ̀ padà sílé. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó rán ọmọ iṣẹ́ kan pé kí Monílọ́lá wá fi gíláàsì tuntun rọ́pò èyí tó fọ́ fúnra rẹ̀. Ó wá, ó sì fi í sí i. Silas dúró tì í, ó ń ṣàríwísí bó ṣe ń de nọ́ọ̀tì.

Adébùsóyè mú Monílọ́lá lọ ní oṣù kìíní ọdún tuntun, òun àti Ẹ̀bùnolúwa. Ó ti sá sáà eré mẹ́ta báyìí. Mọ́tò dà á nù lẹ́ẹ̀kan ní Tógò, èjìká rẹ̀ yẹ̀, ó sì sinmi fún ìgbà pípẹ́. Ó gba ipò kìíní lẹ́ẹ̀kan ní Ghana. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn eré tó kù, ipò kẹta sí ìkẹfà ló máa ń gbà. Silas kò forúkọ sílẹ̀ fún eré kankan mọ́ lẹ́yìn ti Bọ́lọ́rundúró, ṣùgbọ́n ọkọ̀ akẹ́rù Pijó náà ṣì ń kó kòkó.

Ìlú Kùmásì ní Ghana ni Monílọ́lá ń gbé báyìí, nínú ilé oníyàrá méjì kan tí òun àti Ẹ̀bùnolúwa jọ gbà.